Àwọ̀ Àlùkò Inú Ọtí

Ẹni tó bá ti fi máàkà oníspírítì kun àwòrán rí á ti ṣàkíyèsí pé elésè àlùkò kì í gbọ́ràn bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Yẹ́lò á kárí ibi tí wọ́n fà á sí láìsí wàhálà. Elésè àlùkò á fi ìlà sílẹ̀. Ó máa ń dúdú ju bí ìdérí rẹ̀ ṣe fi hàn lọ. Etí rẹ̀ lè yọ píńkì níbi tí ẹnikẹ́ni kò kun píńkì sí. Tí wọ́n bá sì gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri tí oòrùn ń dé, àwọ̀ tó máa wà níbẹ̀ tó bá yá lè má jọ èyí tí wọ́n kùn mọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ọwọ́ àwọn ni kò dáa, tàbí pé ayédèrú máàkà ni wọ́n tà fún àwọn. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìwà yìí ló ní ìdí, ìdí náà sì wà nínú ohun tí wọ́n pò pọ̀ tó fi di elésè àlùkò, àti nínú ọtí tó gbé e wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú u palẹ̀. Ẹ ra ìgò spírítì kékeré kan ní kẹ́mísì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kó tó gún abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé kò ní àwọ̀ kankan. (Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aró elésè àlùkò tó ń jẹ́ methyl violet ni wọ́n máa ń pò mọ́ spírítì ìdáná kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mu; irú ìyẹn kò wúlò fún ohun tá a fẹ́ ṣe yìí.) Ẹ gé bébà funfun tó ń fa omi dáadáa ní tẹ́ẹ́rẹ́, irú bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ kọfí. Ẹ fi máàkà tọ́ àmì kan ṣoṣo sí i, kó fi ìbú ìka kan ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ rọ spírítì sínú ife gíláàsì, kó má ga tó àmì náà, kẹ́ ẹ wá ki ìsàlẹ̀ bébà bọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan dé ife náà lórí.

Spírítì á bẹ̀rẹ̀ sí í gun bébà lọ sókè. Tó bá kan àmì náà, àmì á gbéra tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀, nítorí kì í pẹ́. Ohun tó jẹ́ àmì kan ṣoṣo á máa gùn, á máa nà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín: píńkì á wà lápá kan, búlúù á wà lápá kejì, díẹ̀ nínú àwọ̀ àlùkò tí wọ́n jọ ṣe á ṣì kù láàárín wọn. Èyí tó máa ṣíwájú kì í ṣe ọ̀kan náà nínú gbogbo máàkà, torí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní aró tí ó ń pò. Àwọn máàkà kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé aró kan ló dá elésè àlùkò inú wọn ṣe, àmì ìyẹn á sì gòkè lọ láìpín. Àmọ́ èyí tó ń pín ló wọ́pọ̀.

Ọtí ni ọkọ̀ níbí yìí, aró ni èrò. Èrò kan fẹ́ràn bébà ju ọkọ̀ lọ, gbogbo ibùdókọ̀ ló ń sọ̀. Èkejì kò fẹ́ dìde lórí ìjókòó títí ọkọ̀ fi dé òpin ìrìn. Ọgbọ́n yìí náà ni Mikhail Tsvet, onímọ̀ ewéko ará Rọ́ṣíà, fi tú àwọ̀ inú ewé palẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹfun inú túùbù ló lò dípò bébà. Àwọn méjì tó mú un gbòòrò lẹ́yìn rẹ̀, Archer Martin àti Richard Synge, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́míkà ní 1952. Ohun kan náà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ife gíláàsì yẹn ló ń ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fa máàkà elésè àlùkò lórí bébà, àfi pé ti orí bébà kì í lọ jìnnà kí ọtí tó gbẹ.

Kí ló wà nínú máàkà gan-an? Nínú ìdí rẹ̀ ni òwú kan wà tó ti mu tàdáwà yó. Tàdáwà náà ń gba ihò tín-ín-tìn-ín ẹnu máàkà wá sórí bébà láìsí ẹni tó ń tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fà mọ́ ara okùn òwú, tí ó sì ń bá a dé ẹnu. Èyí tó pọ̀ jù nínú tàdáwà yẹn ni ọtí: ethanol, tàbí isopropanol, tàbí ọmọ ìyá wọn míì. Lẹ́yìn náà ni aró, àti ìwọ̀nba ohun alẹ̀mọ́ tó ń dì í mú tí ọtí bá ti lọ. Aró inú rẹ̀ kì í ṣe ìyẹ̀fun bíi ti ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé. Ìyẹ̀fun ọ̀dà kì í yòrò. Orí ògiri ló ń jókòó sí, á sì bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Aró máàkà yòrò pátápátá sínú ọtí, mólékù kọ̀ọ̀kan ló wà lọ́tọ̀, inú bébà ló sì ń wọ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ á kọjá lára aró, á kan funfun bébà, á sì tún gba ara aró padà wá sójú wa. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ máàkà fi ń tàn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí kò fi sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi yẹ́lò bo àṣìṣe elésè àlùkò: méjèèjì ni ojú á máa rí.

Ọ̀pọ̀ ìyá mọ mọ̀lẹ́bí àwọn aró yìí dáadáa. GV, oògùn elésè àlùkò tí wọ́n máa ń fi kun egbò ẹnu ọmọ, ìdílé methyl violet ló ti wá. Ẹni tó bá ti ta sí lọ́wọ́ mọ̀ pé omi nìkan kì í mú un kúrò, kódà pẹ̀lú ọṣẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi spírítì nù ún, á ré.

Ọtí àti elésè àlùkò ti ń bá ara wọn bọ̀ tipẹ́. Ní 1856, William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Chemistry ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lábẹ́ August Wilhelm Hofmann, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì. Hofmann ti sọ pé ì bá dára gan-an tí ẹnì kan bá lè ṣe kíníìnì láìlo èèpo igi tí wọ́n ń kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Kíníìnì ni oògùn ibà nígbà yẹn, owó gọbọi ni wọ́n sì ń rà á. Ọdún méjì péré ṣáájú ni ọkọ̀ Pleiad gòkè Odò Ọya pẹ̀lú Dókítà William Baikie, tí Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú ọkọ̀ náà. Kíníìnì tí àwọn òyìnbó inú rẹ̀ ń lò déédéé ni wọ́n kà sí ìdí tí kò fi sí ọ̀kan tó kú nínú wọn, nígbà tó jẹ́ pé ibà ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn nínú àwọn tó ti gòkè odò náà ṣáájú. Oògùn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń wá nígbà ìsinmi Àjíǹde, nínú yàrá ìwádìí kékeré kan nílé bàbá rẹ̀ ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Kò rí kíníìnì. Nǹkan dúdú kan tí kò wuni ló jókòó sí ìsàlẹ̀ ìgò rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá fọ̀ ọ́ dànù. Nígbà tí Perkin da ọtí sí i, àwọ̀ àlùkò tó ń tàn ló ṣàn jáde láti inú dúdú yẹn. Ó fi rẹ sílíkì, ó sì rí i pé ó mú. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Greenford ní 1857. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà yẹn. Ṣáájú rẹ̀, ìgbín inú òkun wà lára ohun tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ń fi ṣe elésè àlùkò tó dára jù. Nígbà tí Paul Friedländer, onímọ̀ kẹ́míkà, fẹ́ ṣe ìwádìí lórí aró ìgbín náà ní 1909, ìgbín 12,000 ló fi rí gíráàmù 1.4 péré. Ọtí ló jẹ́ kí Perkin rí aró tirẹ̀.

Máàkà tá a mọ̀ lónìí kò tíì dé nígbà yẹn. Sidney Rosenthal ló gbé Magic Marker jáde ní Amẹ́ríkà ní 1953, òwú tó ti ẹnu ìgò kékeré yọ síta. Ọ̀pọ̀ máàkà àwọn ọdún wọ̀nyẹn ló jẹ́ pé xylene, kẹ́míkà olóòórùn líle tó ń fa orí fífọ́, ni wọ́n fi ń po aró wọn. Ní 1987, ilé iṣẹ́ Too ní Japan gbé Copic jáde pẹ̀lú tàdáwà tí wọ́n fi ọtí pò, kí ayàwòrán lè kun orí ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣẹ̀dà láìba ìlà dúdú rẹ̀ jẹ́. Ìdérí àwọn máàkà wọ̀nyí ní lẹ́tà tó ń fi ìdílé àwọ̀ hàn: V ni elésè àlùkò gan-an, BV ni èyí tó tẹ̀ sí búlúù, RV ni èyí tó tẹ̀ sí pupa. Ó dára kí ẹni tó ń rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí inú ṣọ́ọ̀bù tí iná rẹ̀ pọ́n, BV àti V lè jọra débi tí ojú á fi tan èèyàn.

Wàyí o, kí ló dé tí ìlà fi máa ń hàn nínú elésè àlùkò ju nínú yẹ́lò lọ? Mo ti gbọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi pé tàdáwà rẹ̀ ló nípọn. Ojú wa gan-an ló fà á. Ojú èèyàn kì í rí gbogbo ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Lójú mọmọ, ìmọ́lẹ̀ tí ojú mú jù ni èyí tó wà láàárín àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ní nǹkan bíi nanometer 555. Ìmọ́lẹ̀ àgbègbè yẹn gan-an sì ni aró elésè àlùkò máa ń gbé mì, tí ó sì ń jẹ́ kí pupa àti búlúù kọjá. Yẹ́lò ní tirẹ̀, búlúù ló ń gbé mì, ojú wa kì í sì fi búlúù mọ ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá fi yẹ́lò gba ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, ojú kò ní fura. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú elésè àlùkò, ojú á rí i kíá.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ yẹn kọjá. Ìpele kejì á mú ìdajì nínú ohun tó kù, ó di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìkẹta á sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Pierre Bouguer, ará Faransé, ti kọ òfin yìí sílẹ̀ láti 1729. Ìpele àkọ́kọ́ ló mú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lọ, àwọn tó tẹ̀ lé e ń dín kù, títí bébà á fi kún, tí aró kò ní ríbi wọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ elésè àlùkò tó fẹ́lẹ́, ìpele kan péré ni kó lò, tàbí kó ra máàkà tó fúyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíkùn léraléra kò lè dá fífẹ́lẹ́ padà.

Ẹ jẹ́ ká fi àwòrán obìnrin tó wé gèlè ṣiṣẹ́. Ẹ ti fi píńsù yà á, gbogbo ìṣẹ́po gèlè ti jókòó, ẹ sì mú máàkà V kan tó mọ níwọ̀n. Bẹ́ ẹ bá gbé e kan bébà, tàdáwà á tàn kálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ju bí omi ṣe lè tàn lọ, torí agbára tó ń kó ojú omi jọ lọ́wọ́ ethanol kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti omi. Á tún gbẹ kíákíá: 78 ni ethanol ti ń hó lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi di 100. Lábẹ́ fáànù, tàbí nínú ọyẹ́ tí atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ gba ojú fèrèsé, etí ìlà àkọ́kọ́ á ti gbẹ kí ọwọ́ yín tó padà wá fa ìkejì. Ibi tí ìkejì bá ti gun etí tó ti gbẹ yẹn di ìpele méjì. Bí ìlà ṣe ń dá sí gèlè nìyẹn. Ẹ pa fáànù. Ẹ kun ìṣẹ́po kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òmíràn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí etí máa tutù títí ẹnu máàkà á fi padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ibi tí ìlà píńsù bá wà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ sí.

Ohun míì tún wà ní etí. Níbi tí tàdáwà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, etí ló ń gbẹ ṣáájú, ọtí tó wà láàárín á sì máa ṣàn lọ síbẹ̀ láti dí àlàfo, á sì máa gbé aró lọ. Robert Deegan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Chicago ló ṣàlàyé èyí ní 1997, nígbà tí wọ́n ń wá ìdí tí kọfí tó kán sílẹ̀ fi máa ń gbẹ pẹ̀lú etí dúdú. Nínú elésè àlùkò, aró méjì ni ọtí ń gbé lọ, wọn kì í sì í dé ibi kan náà. Èyí tó bá fẹ́ràn ọtí jù á kọjá etí díẹ̀ wọnú bébà gbígbẹ. Tó bá jẹ́ píńkì ni, ẹ ó rí i bó ṣe yí gèlè náà ká ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bẹ́ ẹ bá kùn ún kó tutù rinrin, píńkì náà á túbọ̀ jìnnà sí i, torí ọtí pọ̀ tó láti gbé e. Ọwọ́ tó fúyẹ́ ni ìwòsàn rẹ̀, kí ẹnu máàkà sì dúró díẹ̀ sẹ́yìn ìlà. Tàdáwà á fúnra rẹ̀ débẹ̀.

Òjìji abẹ́ ìṣẹ́po ló kàn. Aró tó ti gbẹ kò tíì yí padà; kìkì pé ọtí ti fi í sílẹ̀ ni. Bí ọtí tuntun bá kàn án, á tún yòrò, á tún máa rìn. Bẹ́ ẹ bá fi BV tó dúdú kun abẹ́ ìṣẹ́po, tẹ́ ẹ sì tún fi V àkọ́kọ́ fa ojú ààlà wọn, àwọn méjèèjì á wọ inú ara wọn láìsí ìlà. Máàkà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní blender kò ní nǹkan kan nínú ju ọtí lọ: ó ń ti aró kúrò níwájú ara rẹ̀, kì í pa á rẹ́. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe àmì dídán lórí gèlè á rí i pé aró tó kúrò láàárín ti kó jọ sí etí, ní òrùka tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Píńkì àti búlúù bá elésè àlùkò ṣe dáadáa. Yẹ́lò kò bá a ṣe rárá: búlúù tí elésè àlùkò bá jẹ́ kó kọjá ni yẹ́lò ń gbé mì, ohun tó sì kù jọ ẹrẹ̀. Ẹnu máàkà yẹ́lò náà á tún kó elésè àlùkò sára. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa fà á lórí bébà àlòkù títí yẹ́lò á fi mọ́.

Bébà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ni bébà ẹ̀rọ aṣẹ̀dà, gíráàmù 80. Ó dára fún ìdánrawò, àmọ́ ọtí á gba inú rẹ̀ já sí ẹ̀yìn, á sì gba ojú okùn rẹ̀ tàn ní ṣákaṣàka. Káàdì funfun tó dán tó sì ki ló yẹ iṣẹ́ gidi, kí bébà míì sì wà lábẹ́ rẹ̀ nítorí tábìlì. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá lò, ẹ má ṣe dájọ́ àwọ̀ kó tó gbẹ. Nígbà tí bébà bá tutù, ọtí ti dí àlàfo àárín okùn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò rí ibi fọ́n ká sí, àwọ̀ á sì dúdú ju bó ṣe máa rí tó bá gbẹ lọ.

Oòrùn ló kù, òun ló sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, torí iṣẹ́ tó ti parí ló ń bà jẹ́. Ní 1888, Vincent van Gogh ya yàrá tó ń sùn ní Arles, ó sì kọ lẹ́tà sí àbúrò rẹ̀ pé ògiri yàrá náà jẹ́ elésè àlùkò tó fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá wo àwòrán náà lónìí, ògiri búlúù ló máa rí. Àwọn olùwádìí ti rí i pé pupa tó pò mọ́ búlúù ló ṣá. Ọ̀dà olóròóró ni tirẹ̀, kì í ṣe máàkà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan náà ni: àwọn méjì ló jọ ṣe elésè àlùkò, ọ̀kan sì kú ṣáájú ìkejì.

Nínú máàkà, aró búlúù kan wà tó lágbára gan-an níwájú oòrùn. Rhodamine tó ń gbé píńkì wá kò lágbára bẹ́ẹ̀. Elésè àlùkò tí wọ́n bá fi àwọn méjèèjì pò á máa lọ sí búlúù. Ti ìdílé methyl violet yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn a máa já àwọn apá kéékèèké tó ń jẹ́ methyl kúrò lára mólékù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n sì ṣe ń já ni àwọ̀ ń tẹ̀ sí pupa, kó tó wá parẹ́. Máàkà méjì tó jọra lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà wọ́n lè tipa bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ lórí ògiri kan náà. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n láti ara ìdérí.

Ẹ lè dán an wò. Ẹ fa gbogbo máàkà elésè àlùkò tẹ́ ẹ ní sórí káàdì kan, ìlà gígùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú píńsù. Ẹ fi páálí tó ki bo ìdajì ìlà náà pinpin, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé sí, kó sì pẹ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí páálí náà, ìdajì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sọ bí àwọ̀ ti rí tẹ́lẹ̀, ìdajì tó wà níta á sọ ibi tó ń lọ. Èyí tí kò bá yí padà ni kẹ́ ẹ fi kun àwòrán tí ẹ fẹ́ gbé kọ́. Àwọn yòókù, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ inú ìwé tó ń pa dé.